Íntánẹ́ẹ̀tì kejì ti wà, kí ló dé tí fóònù ọ́fíìsì ṣì ń kú?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oògùn la ń tà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, hẹ́dì-ọ́fíìsì wa wà ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, a ní bráǹṣì l'Ọ́yọ̀ọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èṣí la pààrọ̀ gbogbo fóònù wa sí èyí tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbàkúùgbà tí fáíbà, wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, bá ti já, gbogbo fóònù á kú, débi pé mi ò lè pe akáǹtì tó wà ní yàrá kejì sí mi. Wọ́n ní ká ra íntánẹ́ẹ̀tì kejì, a rà á, owó kékeré kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ti àkọ́kọ́ já, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, Google ń ṣí, ṣùgbọ́n fóònù ò dún fún bíi wákàtí kan gbáko, kó tó di pé ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni àbí kí la ò ṣe?"

Ẹ kú ìfaradà o, àǹtí mi. Kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀: mi ò rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀rí mi ni pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni pé líǹkì kejì, íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ rà yẹn, jí, ó sì gbé ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì tí ò bá ara wọn tan lẹ kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan. Pé ẹ ò lè pe akáǹtì, ọ̀tọ̀ nìyẹn, íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló yẹ kó máa gbé ìpè yẹn rárá. Pé fóònù ò dún fún wákàtí kan nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, ìyẹn náà lọ́tọ̀, àti pé wákàtí kan tẹ́ ẹ dá yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura sí nǹkan kan, mo máa débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti akáǹtì kọ́kọ́. Láti bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, tó wà níta ni wọ́n so gbogbo fóònù yín mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní cloud PBX: PBX ni ọpọlọ tó ń so ìpè pọ̀, cloud ni pé kò sí nínú ilé yín. Fóònù tó wà lórí tábìlì yín ò mọ fóònù akáǹtì rí, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn jọ ń gbélé. Tẹ́ ẹ bá tẹ 102, fóònù yín á gba fáíbà jáde, á lọ bá sáfà yẹn, á ní ẹ bá mi wá 102, sáfà á wá gba ojú fáíbà kan náà padà wá pe fóònù tó wà lẹ́yìn ògiri yín. Ó dà bí ìgbà téèyàn tó ń gbé Dùgbẹ̀ fẹ́ kí ará ilé ẹ̀ káàárọ̀, tó wá ní láti wọ mọ́tò lọ sí Èkó kó tó lè kí i. Ọjọ́ tí títì bá ti dí, ìkíni parí nìyẹn. Àwa tá a bá ayé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba àtijọ́, àbùkù ẹ̀ pọ̀ o, mi ò ní kó padà wá, ṣùgbọ́n tẹlifóònù ìgbà yẹn, iná fólì 48 ń bá inú wáyà bàbà wá láti ilé-iṣẹ́ wọn, NEPA ìbáà mú iná lọ ọjọ́ mẹ́ta, tí wáyà ò bá ti já, ẹ máa gbọ́ ohùn. Fóònù òde òní ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ wáyà, ó ń fẹ́ ráútà tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń fẹ́ sáfà, ọ̀kan ṣoṣo ló máa yẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́.

Ibi tí sáfà yẹn wà tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ ọ́ fún yín lọ. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wa lọ sókè òkun, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà lẹ́bàá Abidjan. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ títì n'Íbàdàn lọ́jọ́ yẹn, fáíbà tó ti ọ́fíìsì lọ sí Èkó wà níbẹ̀ gbọingbọin, síbẹ̀ àwọn oníbàárà mi tí sáfà fóònù wọn wà ní Yúróòpù, ṣe ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnì láìrí ìdáhùn, àwọn tí tiwọn wà l'Ékòó sì ń pe ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Nítorí náà ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ìlú wo ni sáfà wa wà? Tí wọ́n bá ń sọ pé "orí cloud ni, màá," ẹ tún bi wọ́n, torí cloud náà nílé.

Oògùn àìsàn àkọ́kọ́ yìí ni pé kí ọpọlọ fóònù yín wà nínú ilé yín. Àpótí kékeré kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ PBX, Grandstream ń ṣe é, ẹlòmíì á ra kọ̀ǹpútà kékeré kan á gbé FreePBX sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni FreePBX fúnra ẹ̀. Ẹ so ó mọ́ súwíìsì, àpótí tí wáyà gbogbo fóònù ti ń pàdé, látọjọ́ náà lọ fáíbà ìbáà já lọ́nà mẹ́wàá, ẹ máa pe akáǹtì, akáǹtì máa pe sítọ́ọ̀, ìyẹn tán. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín pé kò ní wàhálà tiẹ̀. Cloud ní ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ fún yín, àpótí inú ilé yín, ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú ẹ̀, ẹ máa fi àwọn àtúnṣe tuntun sí i, ẹ máa ṣe ẹ̀dà ètò inú ẹ̀ pamọ́, torí ọjọ́ tó bá jóná ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn 5060, ọ̀nà tí ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, sílẹ̀ gbayawu pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù bíi 1234, láàárín òru ni wọ́n á fi láìnì yín pe orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, bíìlì ẹ̀ lẹ máa bá láàárọ̀. Mo ti bá ọ́fíìsì kan sunkún lórí irú ẹ̀ (ẹkún gidi, kì í ṣe àwàdà). Nítorí náà tẹ́ ẹ ò bá lẹ́ni kankan tó lè máa yọjú sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ dúró sórí cloud, ká kàn wá sáfà tó wà ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá lọ, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn lọ bá akáǹtì, yàrá kejì ṣáà ni.

Ti bráǹṣì, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi àpótí kan síbẹ̀ tó máa gba iṣẹ́ PBX ṣe fúngbà díẹ̀ nígbà tí ọ̀nà hẹ́dì-ọ́fíìsì bá já, Cisco ń pe tiwọn ní SRST. Fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí fóònù mẹ́ta mẹ́rin wà níbẹ̀, owó ṣòfò ni lójú tèmi. Ẹ ra fóònù alágbèéká kan fún bráǹṣì kọ̀ọ̀kan, kó má kúrò lórí káńtà, ó tán.

Ó yá, ká wá sórí wákàtí kan. Fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ sáfà kí sáfà tó lè mọ ibi tó wà. Ó máa lọ, á ní "èmi ni 101, àdírẹ́sì mi rèé, fún ìṣẹ́jú-àáyá báyìí ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ mí síbẹ̀." Ìṣẹ́jú-àáyá báyìí yẹn, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù àti PBX, 3600 ni wọ́n fi sí i láti ilé-iṣẹ́, 3600 sì ni wákàtí kan. Àdírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fún yín yàtọ̀ sí èyí tí ìkejì fún yín, bí ẹni kó ilé ni. Lọ́jọ́ tí fáíbà já, ráútà yín kó gbogbo ilé lọ sórí líǹkì kejì, kọ̀ǹpútà ò bìkítà torí kọ̀ǹpútà ló ń jáde lọ bá Google, kì í ṣe Google ló ń wá a kiri. Fóònù ni wọ́n ń wá wá pè. Oníbàárà tẹ nọ́ńbà yín, sáfà lọ kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Fóònù ò mọ̀ pé ilé ti yí padà, kò rí ìdí tó fi máa lọ tún orúkọ kọ, àfìgbà tí àsìkò ẹ̀ pé. Ohun tẹ́ ẹ pè ní "ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún" nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dín 3600 yẹn kù sí 120, tàbí 60 tí ilé-iṣẹ́ fóònù bá gbà, wákàtí kan á di ìṣẹ́jú méjì.

Àmọ́ mi ò rí ráútà yín o, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n dín in kù tán kí wàhálà ṣì kù. Ìkan wà tó ti jẹ́ kí n sùn sí ọ́fíìsì oníbàárà rí. Ráútà máa ń ní ìwé kékeré kan nínú orí ẹ̀ tó fi ń rántí pé fóònù yìí, àdírẹ́sì báyìí ni mo fi ń bá a jáde. Tí fáíbà bá já ní ọ̀nà jíjìn, tí iná àpótí fáíbà nínú ilé yín ṣì ń tàn, ráútà ò ní pa ohun tó kọ síwèé yẹn rẹ́. Fóònù ń kí sáfà ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n kí ọ̀nà má baà tì, gbogbo ìgbà tó bá sì kí i, ńṣe ló ń sọ ìrántí àtijọ́ yẹn dọ̀tun. Ráútà á wá máa ti fóònù jáde lójú ọ̀nà tuntun pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé àtijọ́ lọ́rùn, wọn ò ní dá a lóhùn láéláé. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kò ní padà lẹ́yìn wákàtí kan, kò ní padà lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá pa ráútà tó tàn án, lójú ẹsẹ̀ ló máa jí, gbogbo yín á wá máa sọ pé ráútà ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹni tó mọ ráútà Mikrotik dáadáa lè kọ àṣẹ kékeré kan sínú ẹ̀ pé nígbà tó bá ti yí líǹkì padà, kó pa ìrántí fóònù rẹ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Nǹkan kejì tí mo fẹ́ kí ẹni yẹn wò ni ohun tí ráútà fi ń mọ̀ pé líǹkì ti kú. Ọ̀pọ̀ wọn, aládùúgbò tó sún mọ́ wọn jù ni wọ́n máa ń pè, bóyá àpótí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ládùúgbò yín níbẹ̀, aládùúgbò á ní mo wà ńbí, ráútà á gbà pé ayé dùn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ti já lẹ́bàá Ògèrè. Ẹ ní kó máa pe ibi tó jìnnà, bíi 8.8.8.8 ti Google àti 1.1.1.1 ti Cloudflare, kó jẹ́ pé táwọn méjèèjì ò bá dáhùn ló tó yí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹyọ kan o, torí ọjọ́ tí ẹyọ kan yẹn bá ń ṣàìsàn, ráútà yín á máa sá sọ́tùn-ún sósì bí ewúrẹ́ tó bọ́ sójú títì.

Tó bá sì jẹ́ pé láìnì tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé àdírẹ́sì yín ni wọ́n fi ń dá yín mọ̀, tí kò ní páswọ́ọ̀dù, ẹ tètè kọ àdírẹ́sì líǹkì kejì náà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n fi kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá ẹni tó ra líǹkì kejì tó já fáfá, tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń lé e dànù lẹ́nu ọ̀nà torí wọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Wàyí o, líǹkì kejì fúnra ẹ̀. Ẹ ò sọ fún mi bóyá fáíbà ni tàbí 4G. Tó bá jẹ́ fáíbà láti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ má tíì yọ̀. Orúkọ méjì lórí bíìlì, kòtò kan náà nínú ilẹ̀, ó wọ́pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà fún yín lè jẹ́ pé ṣe ló háyà okùn láti ọwọ́ ẹlòmíì, ẹlòmíì yẹn náà ló sì ń tà fún ti àkọ́kọ́. Katapílà tó ń ṣe títì ò ní bi fáíbà pé ta ló ni ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń jí wáyà torí wọ́n rò pé bàbà ló wà nínú ẹ̀, wọ́n á gé e tán kí wọ́n tó rí i pé bí gíláàsì ló rí, wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ. Lóṣù kẹfà ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ gbé àṣẹ jáde tó sọ irú nǹkan ìní bẹ́ẹ̀ di ohun tí òfin ń dáàbò bò káàkiri orílẹ̀-èdè, ó dáa, ṣùgbọ́n katapílà ò mọ̀wé. Nítorí náà èmi máa ń fẹ́ kí ọ̀kan wà nínú ilẹ̀ kí ìkejì gba ojú afẹ́fẹ́. 4G dáa, ẹ kàn rántí pé òpó 4G náà ń fi fáíbà tàbí rédíò so mọ́ ìdí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé fáíbà tó já yẹn náà ni. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kòtò àdúgbò yín, sátẹ́láìtì wọn ò sì jìnnà, bíi kìlómítà 550 ni, ohùn ń dán lórí ẹ̀. Ẹ má fi wé VSAT, íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì àtijọ́, tí sátẹ́láìtì ẹ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè, ohùn á lọ á bọ̀ á ti lé ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ̀yin méjèèjì á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra yín lẹ́nu. Òjò ńlá lè da Starlink náà láàmú díẹ̀ o, èmi fúnra mi ò ní fi í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ iná, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ìpè "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ" tí wọ́n ń pè mí sí, mo débẹ̀ mo bá i pé iná ló lọ. Fóònù wà lórí ìnfátà, súwíìsì wà lórí ìnfátà, àpótí fáíbà kékeré funfun tó wà lókè fèrèsé yẹn wà lórí sókẹ́ẹ̀tì NEPA. Níbì kan, ẹni tó ń gbálẹ̀ ló máa ń yọ púlọ́ọ̀gì súwíìsì láago méje àárọ̀ kó lè fi se omi tíì, oṣù méjì la fi ń bú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọlọ́run ló mọ èpè tá a ti ṣẹ́.

Ẹ lè máa rò pé 4G ò ní lè gbé e. Ó máa gbé e. Ìpè kan tí a ò fún pọ̀ rárá ń jẹ nǹkan bíi kílóbíìtì 87 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ní àlọ àti ní àbọ̀, ìpè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ò tíì pé mẹ́gà kan. Ohun tó ń pa fóònù lórí 4G kì í ṣe kíkéré ọ̀nà, àwọn èrò ọ̀nà ni. Fáíbà já, ogún kọ̀ǹpútà ya lu 4G, Windows ń gbé àtúnṣe wọlé, ẹnì kan ń wo bọ́ọ̀lù, ohùn á máa já bí aṣọ tó gbó. Ẹ ní kí wọ́n ṣètò ráútà pé nígbà tó bá ti wà lórí líǹkì kejì, fóònù àti POS ló kọ́kọ́ máa kọjá, àwọn yòókù á dúró dè wọ́n, YouTube ò ní wọlé rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ á kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Nǹkan kan máa bá yín lójijì tẹ́ ẹ bá gbé ọpọlọ fóònù wá sí Dùgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ 4G kì í sábà fún yín ní àdírẹ́sì tó jẹ́ tiyín nìkan, ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń kó sábẹ́ ẹyọ kan, ẹ lè jáde ṣùgbọ́n ará ìta ò lè wọlé wá bá yín. Lọ́jọ́ tí fáíbà Dùgbẹ̀ bá já tẹ́ ẹ bọ́ sórí 4G, Dùgbẹ̀ á ń ṣiṣẹ́, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní rí yín mọ́. Ọ̀nà àbáyọ ẹ̀ ni kí gbogbo yín lọ pàdé ní ibì kan, sáfà kékeré tẹ́ ẹ háyà l'Ékòó, kí hẹ́dì-ọ́fíìsì àti bráǹṣì ti inú ilé wọn ṣe VPN, ọ̀nà àdáni orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ síbẹ̀, ètò tó ń jẹ́ WireGuard rọrùn, ẹnikẹ́ni ìbáà wà lórí 4G.

Kí n tún sọ èyí tí ò ná yín ní nǹkan kan tó sì dáa ju gbogbo àpótí lọ. Ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ fóònù lónìí, nígbà tí gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ ní tí ẹ ò bá rí wa, kẹ́ ẹ darí ìpè sí nọ́ńbà alágbèéká báyìí. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti máa ṣe é, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọ́fíìsì yín, ọ́fíìsì ìbáà jóná, oníbàárà tó ń wá oògùn máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Fún ìpè tó ń jáde, àpótí kan wà tó ń gba SIM mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tí PBX lè máa bá pè. Mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ìpè àwọn òṣìṣẹ́ yín nìkan ni kó máa gbà á kọjá. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun máa fi da ìpè òkè òkun sílẹ̀ bí ìpè abẹ́lé, ẹ sá fún un, NCC, àjọ tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ fóònù, ò fi ojú rere wo ìyẹn rárá.

Ohun tí mi ò lè ṣèlérí ẹ̀ ni ìpè tó ń lọ lọ́wọ́. Tí fáíbà bá já nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀rọ̀, ìpè yẹn máa já, ẹ máa tún un pè. Àwọn àpótí olówó gọbọi wà tó lè gbé e kọjá láìjá, ilé ìfowópamọ́ ń rà wọ́n, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ pẹ̀lú bí ọjà ṣe rí. Tó bá jẹ́ owó mi ni, ìdarí ìpè yẹn ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà mo máa tún ráútà ṣe, lẹ́yìn náà iná, àpótí PBX ló máa kẹ́yìn.

Ẹ wá mú ọjọ́ Sátidé kan, bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oníbàárà ti dínkù. Ẹ má yọ wáyà tó wọ inú ráútà o, ìyẹn rọrùn jù, ráútà á tètè mọ̀. Wáyà tín-ín-rín tó ti ìta wọ inú àpótí fáíbà ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n rọra yọ, kí iná àpótí ṣì máa tàn, bí jíjá gidi ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ fi fóònù ọwọ́ pe nọ́ńbà ọ́fíìsì ní gbogbo ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ àsìkò tó dún sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí ètò inú fóònù kan, kí wọ́n wá ibi tó kọ register expires sí, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ àti àsìkò tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi. Tó bá jẹ́ 3600, a ti mọ ibi tí wákàtí kan yẹn ti wá. Tó bá jẹ́ 60 tí fóònù ò sì dún títí dìgbà tẹ́ ẹ pa ráútà, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹni tó ń bá yín tọ́jú ráútà yẹn, èmi àtẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀.